Walker méjì: ọjà títà àbí báńkì?

Nínú obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì ní Amẹ́ríkà, Madam C. J. Walker àti Maggie Lena Walker, ọ̀nà ta ló dára jù láti gbé àwọn ènìyàn wọn sókè? Orúkọ ọkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ẹbí. Ìdí iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni àwọn méjèèjì ti gbéra. Madam C. J. Walker fọ aṣọ oníbàárà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Maggie Lena Walker ní tiẹ̀ ń bá ìyá rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ kiri ìlú Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia.

Madam dá ilé iṣẹ́ ìpara irun sílẹ̀ ní ìlú Indianapolis ní 1910, ó sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin aláwọ̀ dúdú ní ìtọ́jú irun àti bí wọ́n ṣe ń tajà láti ojúlé dé ojúlé. Èrè ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kíákíá.

Ti Maggie kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ní 1903 ló dá báńkì St. Luke Penny Savings sílẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni alágbàfọ̀ àti ọmọdé ń kó wá, bí ẹni ń dá àjọ, owó yẹn náà sì ni wọ́n ń yá ará àdúgbò láti fi ra ilé. Tiẹ̀ ni mo fara mọ́ jù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí báńkì ń wó lọ́tùn-ún lósì, ó da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ báńkì aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn ní Richmond, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì tì.