Sea of Stars àbí Chained Echoes?

Sea of Stars, géèmù fídíò tí ilé-iṣẹ́ Sabotage Studio ní Kánádà gbé jáde ní 2023, ló máa ń kọ́kọ́ wọ àwọn tó ń gbá géèmù lójú, nítorí ẹwà àwòrán rẹ̀ àti bí oòrùn àti òṣùpá ṣe ń tàn nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ráhùn pé ìtàn rẹ̀ fúyẹ́, ìjà rẹ̀ sì ń súni.

Chained Echoes (2022), tí Matthias Linda ará Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣe, le jù ú lọ: bí àmì tó ń fi ìwọ̀n ìjà hàn nínú géèmù náà bá ti kọjá àwọ̀ ewé bọ́ sí pupa, ọgbẹ́ tí ọ̀tá ń dá síni lára á pọ̀ sí i. Òun lèmi yàn, bí ìtàn tirẹ̀ tilẹ̀ lọ́jú pọ̀ díẹ̀.