Aṣọ adènà-ooru abẹ́ táǹkì: ooru lọ, òórùn epo kù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tó dára, torí inú á bí mi tó bá yá: aṣọ adènà-ooru yìí ń ṣiṣẹ́. Sìlíńdà méjì ni ẹ́ńjìnnì alùpùpù mi ní, páìpù sàlẹ́ńsà ti ẹ̀yìn sì gba abẹ́ táǹkì kọjá tímọ́tímọ́. Tí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án, fáànù rédíétọ̀ á máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná síbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí itan mi ò fi ní lè gba táǹkì mọ́. Tí epo bá tún wá lọ sílẹ̀, á burú sí i, torí epo díẹ̀ kì í pẹ́ gbóná. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń hó nínú. Bẹntiróòlù kì í ṣe omi tó ní ojú ibi kan ṣoṣo tó ti ń hó. Láti bíi ìwọ̀n 35 sí 40 lórí Celsius ni apá tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ ti ń hó, béèyàn bá sì gun orí òkè gíga, kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn tó tà á fún mi bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ táǹkì, ooru yẹn lọ. Mo jókòó láàárín ọkọ̀ tí kò mira, mo fọwọ́ kan táǹkì, lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni. Inú mi dùn gan-an.

Àmọ́ wọ́n ṣèlérí ohun méjì. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé á lé ooru, á sì lé òórùn epo. Òórùn epo ò lọ o. Ó tún le sí i. Tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá táyà ló ti ń wá. Lẹ́yìn tí wọ́n fi aṣọ yìí sí i, abẹ́ imú mi gan-an ni, láti etí ọmọrí táǹkì, tó ń wọ inú àṣíborí mi lọ. Orí á máa fọ́ mi, ojú á máa ta mí. Ọ̀rọ̀ òórùn epo kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Benzene wà nínú bẹntiróòlù, benzene sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Atẹ́gùn epo wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí, tí á kóra jọ síbi tó rẹlẹ̀, tí á máa dúró de iná. Kò nílò kí ojú ọjọ́ gbóná kó tó gbiná.

Ohun tó mú mi kọ èyí ṣẹlẹ̀ nílé epo. Epo mi ṣì ju ìdajì táǹkì lọ díẹ̀, mo fẹ́ fi kún un torí ọ̀nà jíjìn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọmọrí, mo yí i. Mi ò tíì gbé ọmọrí náà tó fi fò sókè fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dún "ṣììì", lẹ́yìn náà ni epo tú yàà bí omi ìsun. Ó rin ìbọ̀wọ́ mi, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ táǹkì, ó sì ń kán lọ síhà ibi tí sàlẹ́ńsà ṣì gbóná. "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n! Ẹ fi í sílẹ̀!" Arákùnrin tó ń ta epo ló kígbe bẹ́ẹ̀, ó gbé garawa iyẹ̀pẹ̀, ó dà á sórí èyí tó ti dé ilẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ṣì ń já.

Mo pe àwọn tó ta aṣọ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló gbé fóònù. "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Gbogbo alùpùpù ló máa ń rùn sà, epo kúkú ni wọ́n ń lò." Mo ní kì í ṣe nítorí òórùn ni mo ṣe pè, epo tú sí mi lára. Ó ní kí n má pa fóònù. Orin dún, dún, dún. Nígbà tó padà dé, ó bi mí bóyá mo kún táǹkì dé ẹnu. Kò burú láti béèrè bẹ́ẹ̀ o, torí epo máa ń wú: lítà 15 tí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 20 lọ sókè, á fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lítà lọ pọ̀ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ ráàyè wú sí. Àmọ́ mo ti sọ fún un pé kò kún. Ó tún béèrè. Mo tún sọ. Ló bá gbé mi fún máníjà.

Máníjà yìí ò tiẹ̀ béèrè bóyá mo fara pa. Ó ní ó jọ pé ooru ẹ́ńjìnnì mi pọ̀ ju agbára aṣọ kan lọ, pé kí n wá ra ìkejì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ lé ti àkọ́kọ́. Mo ní, "Ẹni tí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sí lára lẹ tún fẹ́ tajà fún?" Ó ní, "Ìmọ̀ràn ni mò ń gbà yín sà." Mo dákẹ́ kí n má baà sọ ohun tí ẹnu mi ò ní lè kó. Mo gbé alùpùpù náà padà lọ bá wọn. Owó mi ni mo fẹ́ gbà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin mẹkáníìkì kan wá wò ó. Ó kí mi, ó ní kí n rọra máa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti rìn jìnnà díẹ̀, ṣé kì í máa ṣe ségesège bíi pé epo ti fẹ́ tán, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ṣí ọmọrí, á tún gbéra?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní, "Táǹkì yín ò rí èémí mí nìyẹn."

Ó yọ ìjókòó, ó tú bóòtù, ó fi igi ṣe àgbétì sábẹ́ táǹkì, ó pè mí kí n wá wo abẹ́ rẹ̀. Róbà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń gbé omi òjò tó bá kó sẹ́nu táǹkì jáde. Èkejì ni táǹkì fi ń mí. Etí aṣọ adènà-ooru ti fún èkejì yìí mọ́ irin férémù, ó ti pẹlẹbẹ pátápátá, ojú ibi tó ká sí ti funfun. Ó yọ ọ́, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu, ẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, atẹ́gùn ò jáde. Ó nà án sí mi kí n gbìyànjú. Kò jáde. Tí epo bá gbóná, kò síbi tí atẹ́gùn rẹ̀ máa gbà àfi etí ọmọrí. Tí pọ́ǹpù bá sì ń fa epo, atẹ́gùn ò ráàyè wọlé rọ́pò rẹ̀. Òórùn, títú àti ségesège, orísun kan náà ni.

Ó wá yíjú sí ẹni tó bá mi lẹ aṣọ náà: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo iṣẹ́ yín." Ìyẹn wá, ó wò ó, ó ní "Ẹ máa bínú sà." Máníjà wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà gé igun aṣọ náà kúrò, ó fi róbà tuntun sí i, ó gbà á jìnnà sí irin, ó yẹ róbà ẹnu ọmọrí wò, ó sì wo agolo èédú tó ń gba atẹ́gùn epo mú bóyá epo ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tó tún fẹ́ atẹ́gùn, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ìdí róbà nísàlẹ̀, mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Mi ò sì tún gba owó mi mọ́.

Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ òórùn epo mọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kódà nígbà tí oòrùn bá mú. Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni pé ìwé ìlànà inú páálí náà ò mẹ́nu ba róbà kankan. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ nílé ńkọ́? Gọ́ọ̀mù rẹ̀ náà ò dára tó. Igun tó sún mọ́ sàlẹ́ńsà jù ti ń ṣí. Máníjà ò sì tíì pè mí dòní láti tọrọ àforíjì.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Tí ẹ bá lọ, ẹ ní ọmọbìnrin yẹn lẹ fẹ́ kó ṣe é, kó sì fẹ́ róbà yẹn níṣojú yín kí ẹ tó sanwó.