Ìwé Ìtàn Ìyá Ọkọ Mi: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Akọ̀tàn-Ìdílé Kan ní Winnipeg

Ó pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọ̀nà láti gba ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ ogbó tó gba ìrántí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún 1936 ni a bí Màmá ní abúlé kan ní Molotschna, ní gúúsù Ukraine, sínú ìdílé Mennonite, ìjọ Kristẹni tí kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, tí kì í sì í gbé ohun ìjà. Plautdietsch, ẹ̀yà èdè Jámánì kan, ni èdè wọn, wọ́n sì ti ń gbé ní Manitoba, ní ilẹ̀ Kánádà, láti ọdún 1957. A gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Winnipeg tí ó máa ń bá àwọn ìdílé kọ ìwé ìtàn wọn. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tí ó dùn mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti tún èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni yóò rí ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè nínú ohun tí ojú wa rí.

Dọ́là Kánádà 2,800 ni a san. Owó náà wà fún ìjókòó mẹ́ta pẹ̀lú Màmá, gbígba ohùn wọn sílẹ̀, ìwádìí ìran, àti ẹ̀dà mẹ́wàá ìwé olójú-ewé 140 tí èèpo rẹ̀ le.

N óò kọ́kọ́ yin ìwádìí ìran náà, nítorí pé ó tọ́ sí ìyìn. Orúkọ ìdílé àwọn Mennonite tí baba ńlá wọn ti Rọ́ṣíà wá kò pọ̀: Friesen, Penner, Dyck, Reimer, Wiebe. Àwọn obìnrin wọn ń jẹ́ Anna, Maria, Katharina àti Helena láti ìran dé ìran, bí ọmọ kan bá sì kú, wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tí wọ́n bá bí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìlà ìyá Màmá nìkan, Katharina mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àwọn akọ̀tàn náà lo àkójọ orúkọ tí a ń pè ní GRANDMA, èyí tí ẹgbẹ́ onítàn àwọn Mennonite ní California ń tọ́jú, tí orúkọ inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí a má baà fi Katharina kan pe òmíràn. Wọ́n tún fi ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wé àkọsílẹ̀ inú Bíbélì ìdílé wa. Ọjọ́ ìbí ìyá ńlá Màmá jẹ́ méjì, ọjọ́ 12 sì wà láàárín wọn. A ti ń bá a yí láti ọdún pípẹ́ pé ẹnì kan ló ṣì í kọ. Àṣé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀: kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni Rọ́ṣíà ń lò títí di ọdún 1918, ọjọ́ 12 ni ó sì fi ń rìn lẹ́yìn tiwa ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Wọ́n tọ ipa ìdílé náà láti Netherlands, níbi tí wọ́n ti ń sun àwọn tí ó bá ṣe ìrìbọmi lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà, dé etí odò Vistula nítòsí Danzig (Gdańsk ní Poland lónìí), láti ibẹ̀ dé Molotschna, èyí tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1804 lẹ́yìn tí ìjọba Rọ́ṣíà ti ṣèlérí pé wọn kò ní fipá mú wọn wọṣẹ́ ológun. Wọ́n ti fi oríkì kí mi láti kékeré, mo mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe lára ọmọ. Nígbà tí mo ka orúkọ àwọn baba ńlá ọkọ mi sókè fún àwọn ọmọ wa ní ẹsẹẹsẹ, èyí àbúrò ní kí n tún un kà.

Ìjókòó àkọ́kọ́ ni nǹkan ti wọ́. Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá níwà, ó sì ti múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó gbọ́. Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń rajà, òun ni wọ́n fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Plautdietsch ni èdè ilé wọn, èdè Jámánì inú Bíbélì ni wọ́n sì fi ń gbàdúrà. Ó bi wọ́n nípa ebi, nípa òtútù àti nípa ikú. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ó le.” Ó dákẹ́ kí wọ́n lè sọ sí i. Màmá fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ orí tábìlì kí ó dán, wọ́n sì bi í bóyá yóò mu kọfí sí i.

Nígbà tí wọ́n fi ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí wa, ohun tí mo kà ní ojú-ewé 17 ni pé baba Màmá kú sójú ogun. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́ rárá. Ní ọdún 1937, nígbà tí ìjọba Stalin ń kó àwọn ènìyàn, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ wọlé lóru, wọ́n mú un lọ, ilé kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Ẹni tí kò gbé ohun ìjà rí ni, nínú ìjọ tí kíkọ̀ láti gbé ohun ìjà wà lára ohun tí ó ń lé wọn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Kí a wá kọ ọ́ pé ojú ogun ló kú sí, ìwọ̀sí ni fún un. Ohun kejì tí ó dùn mí ni pé gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi sọ nípa ìgbàgbọ́ Màmá, pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Obìnrin tí kò tíì jẹun láàárọ̀ rí láìkọ́kọ́ ṣí Bíbélì, gbólóhùn kan!

A kọ lẹ́tà. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọn kò sì gba owó kún owó, ṣùgbọ́n oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó rán ẹlòmíràn wá. Obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, Plautdietsch ni wọ́n sì fi tọ́ ọ dàgbà.

Kò jókòó sídìí tábìlì rárá. Ilé ìdáná ni ó bá Màmá wọ̀. Wọ́n ń ṣe tweeback, búrẹ́dì kékeré alájà méjì: a ó gbé ìyẹ̀fun kékeré lé ńlá lórí, a ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wọlé títí yóò fi kan páànù, kí ti òkè má baà yẹ̀ nínú ààrò. Làkúrègbé ti wọ́ àtàǹpàkò Màmá, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán. Ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n fi sọ pé, “Ìyá mi yan èyí gbẹ kún àpò kan kí a tó gbéra.” Bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì lé ní wákàtí mẹ́ta kí ó tó dúró.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1943 ni, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń fà sẹ́yìn kúrò ní Ukraine. Nǹkan bí 35,000 Mennonite ni ó bá wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin; lẹ́yìn ogun, àwọn Soviet dá èyí tí ó ju 20,000 lọ padà. Ìyá Màmá, opó tí kò mọ̀ dájú pé opó ni òun, kó ọmọ mẹ́ta dé Berlin. Níbẹ̀ ni Peter àti Elfrieda Dyck ti MCC, ẹgbẹ́ ìrànwọ́ tí àwọn Mennonite dá sílẹ̀ ní ọdún 1920, ti ń bójú tó wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 1947, ọkọ̀ ojú omi Volendam ń dúró ní Bremerhaven, èbúté kan ní Jámánì, láti gbé wọn lọ sí Paraguay, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní Berlin, tí wọ́n ju 1,000 lọ, ní láti la agbègbè àwọn Soviet kọjá nínú ọkọ̀ ojú irin. Màmá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ọkọ̀ náà ni àwọn rántí jù, pé àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá kò sunkún.

Neuland, ibùdó àwọn Mennonite ní agbègbè Chaco ní Paraguay, ni wọ́n dé sí, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní ọkùnrin àgbà, tí àwọn obìnrin sì fi ọwọ́ ara wọn mọ bíríkì. Níbẹ̀ ni Màmá ti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ lẹ́nu ara wọn, tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Obìnrin náà wá bi wọ́n bóyá wọ́n ti dárí ji àwọn tí ó mú baba wọn. Màmá nu ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn. “Àràárọ̀ ni mò ń dárí jì wọ́n,” ni wọ́n wí. “N kò tíì parí rẹ̀.”

Orí kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé tí a gbà níkẹyìn, pẹ̀lú àwọn aṣọ ìbora alátòpọ̀ tí Màmá ti ń rán fún MCC láti ogójì ọdún ó lé. Ojú-ewé 17 ti di títúnṣe. Bébà rẹ̀ dára, ìdìpọ̀ rẹ̀ le, àwọn àwòrán sì mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún nínú wọn kò ní àkọlé, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré fún ojú àgbàlagbà. Wọ́n fún wa ní gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Tèmi, ohùn yẹn tó owó náà tán. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè ẹni tí yóò jókòó ti àgbà yín àti èdè tí ó gbọ́, kí ẹ sì ka ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹni tí ó ni ìtàn.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin tí ó ṣì wà ní Neuland kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A ti san owó mìíràn kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Jámánì fún wọn, orí kẹsàn-án ni a sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.