NVDA ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ṣe áàpù ni kò ṣe tiwọn

Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹni tí kò ríran mọ̀ nìyẹn, nítorí JAWS, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ohun tí olùkọ́ bíi tèmi lè yọ lápò lọ. Michael Curran, ará Ọsirélíà tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí NVDA lọ́dún 2006, James Teh tí kò ríran bákan náà sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ó hàn nínú rẹ̀ pé ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ṣe é.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó ń gbé orí fláàṣì. Bí mo bá dé kàfé, mo kàn máa ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, H ni mo ń tẹ̀ láti fò láti àkọlé kan sí èkejì, K fún líǹkì, B fún bọ́tìnnì. Ojú ewé tí wọ́n bá tò dáadáa, mo lè rí ohun tí mo ń wá níbẹ̀ kí olójú méjì tó mọ ibi tí yóò fojú sí. Bí mo bá sì tẹ Insert, Control àti Escape pọ̀, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú dùdù, ohùn nìkan ló máa kù. Kí ẹni tó jókòó tì mí máa na ọrùn!

Ohùn eSpeak tó bá a wá ni kò dùn ún gbọ́, àfi bí ẹni tó ń fimú sọ̀rọ̀. Tó bá wá kan Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń lò kò ka àmì kankan sí. Ẹ ó kàn máa méfò ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ètò tó lè ka ohun tí wọn kò kọ. Áàpù báńkì mi lórí fóònù, níbi tí TalkBack, ètò tó ń ka ojú fóònù Android sókè, ti ń kàwé fún mi, dára tẹ́lẹ̀. Mo máa ń gbọ́ "Transfer", mo máa ń gbọ́ "Airtime". Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ó ti rẹwà sí i, ohun tí mo wá ń gbọ́ ni "Unlabelled, button. Unlabelled, button." Nọ́ńbà tí a fi ń tẹ PIN, wọ́n dà á rú nítorí ààbò, kò sì pe ẹyọ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi tẹ PIN báyìí, báńkì kan náà sì ni kì í sinmi láti fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé kí n má fi PIN han ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n lo USSD. TalkBack ò tíì kà á dé ìdajì tí àkókò fi tán.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan. Lórí Android, contentDescription ni, ìyẹn orúkọ tí ẹni tó ń ṣe áàpù ń kọ mọ́ bọ́tìnnì kí ètò lè pè é. Lórí wẹ́ẹ̀bù, aria-label. Ìlà kan péré! TalkBack fún mi láyè kí n fúnra mi sọ bọ́tìnnì lórúkọ, àmọ́ ta ni yóò sọ fún mi èwo ni èwo?

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, owó ìtanràn iléeṣẹ́ sì jẹ́ ₦1,000,000. Àtẹ̀gùn nìkan ni ọ̀pọ̀ rò pé ó ń bá wí. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni áàpù, ẹ má kàn sọ pé áàpù yín kò dára. Ẹ dárúkọ fóònù yín, ẹ sọ ibi tí ẹ wà nínú áàpù náà, kí ẹ sì gba ohùn TalkBack sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Wọn ò lè jiyàn ohun tí wọ́n fetí ara wọn gbọ́.

NVDA gba 4 nínú 5 lọ́wọ́ mi. Ohùn imú yẹn ló jẹ ẹyọ kan. Ní ti áàpù báńkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni kí ẹ bi, òun ló ń lò ó.