Power limit àbí undervolt: èwo ló ń pa fáànù lẹ́nu mọ́?

RTX 3080, káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde nínú kọ̀ǹpútà, lè jẹ iná tó 320 wáàtì. Ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà, fáànù á sì máa pariwo kó lè lé e jáde.

Power limit, ìyẹn fífi òdiwọ̀n sí iná tí káàdì lè jẹ, ló rọrùn jù. Nínú MSI Afterburner, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún káàdì ṣètò, fà á wálẹ̀ sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, káàdì ò ní kọjá nǹkan bíi 256 wáàtì mọ́. Ó tán. Àmọ́ tí géèmù bá wúwo, ìyára rẹ̀ á dín kù.

Undervolt, ìyẹn dídín fóltéèjì tí káàdì ń lò kù, ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ Ctrl àti F pọ̀ nínú Afterburner, ìlà kan á yọ: fóltéèjì (mV) nísàlẹ̀, ìyára (MHz) lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbé àmì tó wà ní 900 mV dé 1800 MHz, kó o tẹ́ gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìyára ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n fáànù á rọlẹ̀, torí pé tí fóltéèjì bá dín díẹ̀, iná tí káàdì ń jẹ máa ń dín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdánwò rẹ̀ ló ń gba sùúrù, torí káàdì ò dọ́gba. Fi géèmù tó wúwo ṣeré fún wákàtí kan gbáko. Tó bá kú lójijì, fi 25 mV kún un. Ẹni tí kò ráyè ìyẹn, kó dúró sórí power limit.