Ewúro nínú túùbù àbí ewúro lára eku, èwo lẹ gbà gbọ́?

Ọ̀kún o gbogbo ilé. Lọ́dọ̀ wa ní Kábbà, tí súgà àgbàlagbà bá ti ga, ewúro ni wọ́n á kọ́kọ́ fún mu, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń dán ewé wò ní láàbù fi jẹ mí lógún.

Ọ̀nà méjì tí mò ń wí ni ti túùbù, ìyẹn ìgò kékeré inú láàbù, àti ti eku. Ti túùbù rọrùn. Wọ́n á po omi ewé mọ́ amylase àti glucosidase, àwọn nǹkan tó ń sọ iyán di súgà nínú wa, wọ́n á wò ó bóyá ewé náà á dá wọn dúró bíi acarbose, oògùn súgà kan. Ó yá, kò wọ́n. Àmọ́ túùbù ò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín.

Ti eku ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù. Wọ́n á fún eku ní alloxan tàbí streptozotocin tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, ohun tó ń mú súgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, súgà á ga, wọ́n á wá pín wọn, àwọn kan á mu omi ewé, àwọn kan glibenclamide tó jẹ́ oògùn súgà, àwọn kan omi lásán, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ nídìí ìrù wọn, wọ́n á tún yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò bóyá ewé yẹn bà á jẹ́. Ẹ̀dọ̀ yìí gan-an ló ká mi lára, torí àwọn àgbà wa kì í wọn ewúro, ife kan, ife méjì ṣáá ni. Àléébù alloxan ni pé nígbà míì súgà eku náà á wálẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ oríṣi ewé mẹ́wàá lẹ fẹ́ dán wò, ẹ fi túùbù ṣà wọ́n, kẹ́ ẹ gbé méjì tó dáa jù lọ sọ́dọ̀ eku. Màmá mi ṣì ń mu metformin, oògùn súgà wọn o, mi ò jẹ́ kí wọ́n fi ewúro rọ́pò ẹ̀.