.com tàbí .com.ng: èwo ni kí oníkajú Ògbómọ̀ṣọ́ mú?

Orúkọ ìkànnì, ìyẹn àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń rí ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó parí sí .com ti wà láti ọdún 1985, kò sì sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bí o bá ń ta kajú fún àwọn ará Íńdíà, òun ni kó o mú. Àmọ́ àwọn tó ṣáájú ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ kúkúrú lọ. Má torí ìyẹn fi nọ́ńbà tàbí àmì kún tìrẹ o! Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí fóònù á ṣì í kọ.

Ní ti .com.ng, tí NiRA, àjọ tó wà fún orúkọ ìkànnì Nàìjíríà, ń bójú tó, àyè ṣì wà dáadáa, ó sì ń fi hàn pé Nàìjíríà lo wà. Bí ọjà rẹ kò bá kọjá Ìlọrin sí Ìbàdàn, òun ni èmi á mú.

Ohun tó ká mi lára jù ni "ṣ" inú Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní ogbomoso, àwọn mìíràn ogbomosho. Bí agbára bá ká a, ra méjèèjì, kí ọ̀kan máa darí èèyàn sí èkejì. Orúkọ ara rẹ ni kó o sì fi rà á, kì í ṣe ti ẹni tó bá ọ ṣe é.